Ìrànwọ́ Ìjọba fún Ilẹ̀ Òkèèrè: Ǹjẹ́ Owó Náà Ń So Èso?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn USAID, àjọ tí Ààrẹ John F. Kennedy dá sílẹ̀ ní 1961 láti máa bójú tó ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan tí àwọn òṣèlú ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́ ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọba máa bù nínú owó orí àwọn ará ìlú rẹ̀, kí ó fi tún ilé onílé ṣe? Mo gbìyànjú láti dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó máa ń jẹyọ jù lọ. N kò ní fi èrò tèmi pa mọ́: owó náà tó ohun tí a ń ná an fún, bí a bá ná an lórí ohun tí a lè kà, tí a sì ti mọ ìgbà tí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ yóò gba iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀. Ibi tí ó ti bàjẹ́, n óò sọ pé ó bàjẹ́.

Kí ni ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè, kí sì ni kò sí lára rẹ̀?

Owó, ohun èlò tàbí ìmọ̀ iṣẹ́ tí ìjọba orílẹ̀-èdè kan mú jáde kí ìgbésí ayé lè sunwọ̀n ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó tó o ni. Ó lè jẹ́ ẹ̀bùn pọ́ńbélé. Ó sì lè jẹ́ owó yíyá tí èlé rẹ̀ kéré gan-an sí ti ọjà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn, oúnjẹ fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé, owó ojú ọ̀nà, ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ló wọ inú rẹ̀. Nínú ìṣirò tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó jọ ń lò, ohun ìjà kò sí nínú rẹ̀, òwò kò sí nínú rẹ̀, owó tí ọmọ yín tó wà ní Peckham ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù náà kò sí nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Òfin ìṣirò náà gba orílẹ̀-èdè olówó láàyè láti ka owó tí ó fi tọ́jú àwọn olùwá-ibi-ìsádi nínú ilẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ìrànwọ́, ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n dé. Ní 2023, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìrànwọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ tí wọ́n ná báyìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó hòtẹ́ẹ̀lì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ iye owó ìrànwọ́ kan lórí rédíò, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti ná an.

Èló ni wọ́n ń ná gan-an?

Ó kéré púpọ̀ sí ohun tí àwọn tó ń san owó orí rò. Nígbàkígbà tí wọ́n bá bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè nínú ìwádìí èrò ará ìlú, ohun tí wọ́n sábà máa ń fojú bù, bí a bá pa gbogbo ìdáhùn wọn pọ̀ tí a sì pín in, ni pé nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ ló ń lọ sí òkèèrè. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdá 1 péré ni, àní kí wọ́n tó gé e ní 2025.

Ní 1970, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò pé kí orílẹ̀-èdè olówó kọ̀ọ̀kan máa yọ ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí ó ń wọlé fún un lọ́dún sọ́tọ̀ fún ìrànwọ́. Norway, Sweden, Denmark àti Luxembourg ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ibẹ̀ ní 2013, ó sọ ọ́ di òfin ní 2015, ó sì já a wálẹ̀ sí 0.5 ní 2021. Ní oṣù Kejì 2025, Keir Starmer, olórí ìjọba wọn, kéde pé yóò tún wálẹ̀ sí 0.3 nígbà tí yóò bá fi di 2027, kí wọ́n lè rí owó fi kún ti àwọn ológun. Ní ti Amẹ́ríkà, iye dọ́là tirẹ̀ ló pọ̀ jù láyé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n bí a bá fi wé ọrọ̀ rẹ̀, ohun tí ó fi sílẹ̀ ní 2023 kò tó 0.3.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ló dé tí wọn kò kọ́kọ́ fi owó náà tún ilé ara wọn ṣe?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè ahun, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Manchester tí ó ti ń dúró láti ọdún tó kọjá kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ eékún fún un ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí owó orí rẹ̀ ń gbà lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo iye rẹ̀. Bí wọ́n bá fagi lé owó ìrànwọ́ náà pátápátá, èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìjọba, tí kò lọ sí òkèèrè rí, ni yóò ṣì máa pinnu bí ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ìlú rẹ̀ yóò ṣe rí.

Ohun kejì ni pé owó kan náà kì í ra ohun kan náà níbi gbogbo. Oògùn tí ẹni tí ó ní kòkòrò HIV yóò lò fún odidi ọdún kan kò tó 100 dọ́là mọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Iye yẹn kò tó ohun tí ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ná lórí aláìsàn kan tí ó sun ibẹ̀ mọ́jú. N kò sọ pé kí wọ́n má tọ́jú ẹni tí ó sun ibẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyá kan ń bẹ láàyè fún ọdún kan lórí owó kékeré bẹ́ẹ̀, ó ń tọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń ná ọjà rẹ̀, ó sì ṣòro láti rí ibòmíràn tí ìjọba ti lè fi iye yẹn ṣe ohun tí ó tó bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹ̀rí wà pé owó náà ń gba ẹ̀mí là?

Ó wà, ó sì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àrùn tí àwọn bàbá wa kì í fẹ́ dárúkọ, tí wọ́n fi ń pè é ní Olóde tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná. Ṣọ̀npọ̀nná pa nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ènìyàn ní ọ̀rúndún ogún nìkan. Ní 1967 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìgbésẹ̀ ńlá láti pa á run pátápátá. Ọgbọ́n tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ fìdí múlẹ̀ lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní òpin 1966, ní apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ William Foege àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó wà lọ́wọ́ kò lè kárí gbogbo ènìyàn. Wọ́n wá ń wá ilé tí àrùn náà bá ti yọjú, wọ́n sì ń gún àwọn tí ó yí ilé náà ká ní abẹ́rẹ́, bí àgbẹ̀ ṣe máa ń ro etí oko rẹ̀ yíká kí iná ìgbẹ́ má baà wọ ọ́. Àrùn náà kú níbẹ̀, ọgbọ́n náà sì tàn kálẹ̀ dé Íńdíà. Ẹni ìkẹyìn tí ó kó o lọ́nà àdánidá wà ní Sòmálíà, ní oṣù Kẹwàá 1977, wọ́n sì kéde ní 1980 pé kò sí mọ́ láyé. Gbogbo iṣẹ́ náà ná nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là, nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ló sì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkèèrè. Àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà wà ló san èyí tó kù. Ohun tí aráyé ń rí jẹ lórí rẹ̀ ju 1 bílíọ̀nù dọ́là lọ lọ́dọọdún, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tún ná kọ́bọ̀ mọ́ lórí gbígún gbogbo ọmọ ní abẹ́rẹ́ náà. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí ní Ìbàdàn kò ní àpá rẹ̀ lára.

Ẹ̀rí kejì ni ti HIV. Ní ọdún 2000, oògùn rẹ̀ fún ẹnìkan lọ́dún ń lọ sí nǹkan bí 10,000 dọ́là, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ikú ni fún tálákà. Ní oṣù Kìíní 2003, Ààrẹ George W. Bush béèrè owó lọ́wọ́ àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fún ètò kan tí wọ́n ń pè ní PEPFAR. Bí iye tí wọ́n ń rà ṣe ń pọ̀ sí i, tí àwọn ilé iṣẹ́ ní Íńdíà sì ń ṣe oògùn náà ní owó pọ́ọ́kú, ni owó rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò pé ètò náà ti gba nǹkan bí 25 mílíọ̀nù ẹ̀mí là. Àwọn tí wọ́n rántí bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa ní ìparí àwọn ọdún 1990, tí ìdílé ń sin òkú tí wọn kò sì ń dárúkọ ohun tí ó pa á, mọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tó.

Àwọ̀n apẹ̀fọn náà ń bẹ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 ṣírò pé láàárín 2000 sí 2015, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe láti gbógun ti ibà ní Áfíríkà dènà nǹkan bí 663 mílíọ̀nù àìsàn ibà, tí nǹkan bí ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọ̀n tí wọ́n ti fi oògùn ẹ̀fọn sí. Àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkèèrè ló sanwó púpọ̀ nínú àwọ̀n wọ̀nyẹn.

Kí a má baà sọ àsọdùn: iye ọmọ tí ń kú láyé kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún já wálẹ̀ láti nǹkan bí 12.7 mílíọ̀nù ní 1990 sí nǹkan bí 4.9 mílíọ̀nù ní 2022, ṣùgbọ́n ìrànwọ́ nìkan kọ́ ló ṣe é. Ìwé tí àwọn ìyá kà wà níbẹ̀, omi tó mọ́ wà níbẹ̀, owó tí ìdílé rí pa wà níbẹ̀.

Kí ni orílẹ̀-èdè tí ó ń fúnni ń rí gbà?

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní 2014 ni ó fi èyí hàn jù. Ní oṣù Keje ọdún náà, ọkùnrin kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà nínú ọkọ̀ òfuurufú, sí àárín ìlú tí èrò rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Àwọn tí wọ́n wá tọpa gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfìfo, nítorí pé ibùdó àti òṣìṣẹ́ tí Nàìjíríà àti àwọn olùrànlọ́wọ́ òkèèrè ti kó jọ láti gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ìjọba yí padà sí iṣẹ́ náà. Wọ́n ṣọ́ nǹkan bí 900 ènìyàn, wọ́n sì ṣe àbẹ̀wò ojúlé tí ó lé ní 18,000. Ogún ènìyàn ló kó àrùn náà, mẹ́jọ kú, wọ́n sì kéde ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́. Ọkọ̀ òfuurufú ń gbéra láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Atlanta àti New York. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní sọ pé owó tí wọ́n ná lórí àrùn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Kánò kò kan ará Lọ́ńdọ̀nù.

Èrè ti òwò náà wà. Láàárín 1948 sí 1952, Amẹ́ríkà fi nǹkan bí 13 bílíọ̀nù dọ́là gbé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dìde lẹ́yìn ogun, àwọn náà sì di oníbàárà rẹ̀. Kòríà Gúúsù ń jẹ oúnjẹ ìrànwọ́ lẹ́yìn ogun tirẹ̀. Ní 2010 ó jókòó sínú ìgbìmọ̀ àwọn tí ń fúnni.

Ṣé kì í ṣe àpò àwọn olórí ni owó náà ń parí sí?

Ó ti parí síbẹ̀ rí, lọ́pọ̀ ìgbà. Mobutu Sese Seko ṣe ìjọba Zaire, orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Kóńgò báyìí, láti 1965 sí 1997, Amẹ́ríkà, Bẹ́ljíọ̀mù àti Faransé sì ń fún un lówó. Ní 1982, Erwin Blumenthal, òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ ará Jámánì tí wọ́n ti rán lọ bójú tó ìṣúná ibẹ̀, kìlọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ pé àwọn tí ń yá Zaire lówó kò ní rí i gbà padà. Wọn kò dáwọ́ dúró, nítorí pé ohun tí wọ́n ń rà kì í ṣe ìtura àwọn ará Zaire. Ìṣọ̀rẹ́ Mobutu lòdì sí Rọ́ṣíà ni wọ́n ń rà. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: bí ẹni tí ń fúnni bá ní ohun mìíràn lọ́kàn, olè kò ní dà á láàmú.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ti ìdídò Pergau ní Màléṣíà, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi 234 mílíọ̀nù pọ́n-ùn owó ìrànwọ́ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra wọn ti sọ pé kò mú ọgbọ́n dání, ṣùgbọ́n òwò ohun ìjà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga dá a lẹ́jọ́ ní 1994 pé kò bá òfin mu, nígbà tí ó sì di 2002 wọ́n ṣe òfin tuntun pé dídín òṣì kù ni kí owó ìrànwọ́ máa wà fún. Ohun tí ó wù mí nínú ìtàn yìí ni pé ẹgbẹ́ ará ìlú ló gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ tí wọ́n sì borí. Oògùn àti àjẹsára náà ṣeé jí, àmọ́ ó rọrùn láti ka ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ ju láti ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí owó tí wọ́n kàn dà sínú àpò ìjọba.

Mo gbọ́ pé púpọ̀ nínú owó náà ń padà sí ilẹ̀ tí ó ti wá.

Òótọ́ ni. Òfin Amẹ́ríkà béèrè pé ó kéré tán, kí ìlàjì oúnjẹ ìrànwọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi tí ó ń lo àsíá Amẹ́ríkà, èyí tí owó rẹ̀ ga ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ. Àgbàdo tí wọn ì bá rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó wà nítòsí ibi tí ebi ti ń pani ni wọ́n ń kó sọdá òkun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tí ó wà ní agbègbè Washington náà ń gba ìpín ńlá nígbà tí USAID ṣì wà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú okùn yìí ní 2001, ó fòpin sí fífi dandan lé e pé ọjà Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi owó ìrànwọ́ rà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí owó orí rẹ̀ so èso, àwọn okùn wọ̀nyí ni kí ó máa bínú sí.

Ṣé ìdáríjì gbèsè wà lára rẹ̀?

Ó wà. Ní 2005, nígbà tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jẹ́ ààrẹ tí Ngozi Okonjo-Iweala sì jẹ́ mínísítà ìṣúná, àwọn orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà jẹ ní gbèsè gbà láti fa 18 bílíọ̀nù dọ́là yọ nínú nǹkan bí 30 bílíọ̀nù, Nàìjíríà sì san nǹkan bí 12 bílíọ̀nù. Nǹkan bí 1 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún tí ì bá máa lọ sórí gbèsè dúró sílé. Wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀, tí Amina Mohammed darí, láti máa tọ ipasẹ̀ owó náà dé orí ilé ìwòsàn kéékèèké àti omi ẹ̀rọ.

Ṣé ìrànwọ́ kì í sọ ìjọba tí ń gbà á di ọ̀lẹ?

Ó lè sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mí nítorí pé ilé wa ló kàn. Ní oṣù Kẹrin 2001, àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Àbújá, wọ́n sì ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ìṣúná wọn yóò máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà tí ó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí. Láàárín ìgbà náà, àwọn ará òkèèrè ló ń ra oògùn HIV fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó nílò rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀wù à-gbà-bọ̀ wọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lápá, a dẹ ni lọ́rùn.

Nígbà tí Ààrẹ Donald Trump dá ìrànwọ́ dúró ní ogúnjọ́ oṣù Kìíní 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ wa fọwọ́ sí 4.8 bílíọ̀nù náírà fún oògùn HIV, ilé aṣòfin sì fi nǹkan bí 300 bílíọ̀nù náírà kún owó ìlera inú ètò ìṣúná ọdún náà. Ó dára tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé wọn ì bá ti lè ṣe nínú rẹ̀ ṣáájú, ó sì yẹ kí ará ìlú máa béèrè iye tí ó jáde gan-an nínú owó tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Owó tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ láti òkèèrè kò ha ju ìrànwọ́ lọ?

Ó jù ú lọ fíìfíì. Nǹkan bí 20 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ sílé, ìrànwọ́ tí ìjọba òkèèrè ń fún wa kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Owó ọmọ ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ó ń kọ́lé, ó ń sin òkú. Kò lè gbé yàrá tútù tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ń sùn sí dìde ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kì í sì í dé ilé tí kò ní ọmọ lókè òkun.

Ǹjẹ́ Nàìjíríà náà ń ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í rántí. Ní 1976 ni Nàìjíríà fi owó kan sílẹ̀ ní Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà kí ó máa yá àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ní 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ìjọba dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà wa lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ní Áfíríkà, ní àwọn erékùṣù Karibíà àti ti Pàsífíìkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú nítorí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dín tirẹ̀ kù, ẹ béèrè bákan náà bóyá ètò tiwa ń rí owó tó.

Bí ìjọba kan bá pinnu láti dáwọ́ ìrànwọ́ dúró, kí ni ó burú nínú rẹ̀?

Owó rẹ̀ ni, ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Ohun tí ó burú ní 2025 ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta, Marco Rubio, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ètò USAID, kò sì tíì pé oṣù méjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Àwọn onímọ̀ kan ṣírò nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé bí gígé náà bá dúró bẹ́ẹ̀, ó lè fa ikú tí ó lé ní 14 mílíọ̀nù títí di 2030. Ìṣirò ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni o, wọn kò tíì ka òkú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lo oògùn HIV lójoojúmọ́ kò lè fi oṣù mẹ́ta dúró de àyẹ̀wò ìwé.

Ọ̀nà mìíràn wà, wọ́n sì ti gbà á rí nítòsí wa. Ní 1974, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò lára wọn, láti pa àwọn kòkòrò etí odò tí ń fi àrùn fọ́ àwọn àgbẹ̀ lójú. Nígbà tó yá ó kárí orílẹ̀-èdè mọ́kànlá. Wọ́n ń wọ́n oògùn sí odò láti inú ọkọ̀ òfuurufú, nígbà tí ó sì di 1987, ilé iṣẹ́ Merck bẹ̀rẹ̀ sí fúnni ní oògùn ivermectin lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn olùrànlọ́wọ́ náà dúró tì í fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2002 ní àkókò tí wọ́n ti fi sọ́nà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fa iṣẹ́ tí ó kù lé àwọn onílé lọ́wọ́. Nǹkan bí 600,000 ènìyàn ni kò fọ́jú nítorí rẹ̀, nǹkan bí 25 mílíọ̀nù hẹ́kítà ilẹ̀ ọlọ́ràá etí odò, tí àwọn ará abúlé ti sá kúrò lórí rẹ̀, sì tún ṣeé fi dá oko.